Basi and Company: ẹ wá ká yin àwọn ará Òpópónà Adétọ́lá

Àgbà_Òǹwòran:
Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Eré kan wà tí mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí: Basi and Company, eré apanilẹ́rìn-ín tí Ken Saro-Wiwa kọ, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ Saros International ṣe, tí NTA, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, sì gbé jáde jákèjádò Nàìjíríà láti 1986 di 1990.

Fún ẹni tí kò bá ìgbà náà: Basi kò níṣẹ́, kò ní kọ́bọ̀, yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé ní Òpópónà Adétọ́lá l'Ékòó, ó sì dá a lójú gbangba pé òun máa di olówó mílíọ̀nù. Alali ń bá a gbé, ebi kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Madam ló nilé. Dandy ló ni ilé ọtí. Segi ni arẹwà àdúgbò. Josco ni ẹni tó jẹ́ pé tó bá ń kọjá, kí èèyàn di àpò rẹ̀ mú.

A máa ń yin Ken, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ a ò tíì yin àwọn òṣèré náà tó. Albert Egbe ló kọ́kọ́ ṣe Basi. Tekena Harry-MacDonald ṣe Alali, Aso Ikpo Douglas ṣe Madam, Mildred Iweka ṣe Segi, Emmanuel Okutuate ṣe Josco, Lasa Amoro ṣe Dandy. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan kan tó ń wá, nǹkan náà kì í sì í yí padà. Basi ń wá mílíọ̀nù. Alali ń wá oúnjẹ. Madam ń wá owó ilé. Josco ń wá ẹni tó máa lù ní jìbìtì. Gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé ní láti ṣe kò ju pé kó ju ìròyìn owó kan sáàárín wọn. Àwọn òṣèré yìí á wá fi ojú, ohùn àti ìrìn ṣe ìyókù. Tí ẹ bá mú ọ̀kan kúrò, eré ò lè lọ.

Ta lẹ fẹ́ràn jù nínú wọn? Ẹ sọ ìdí rẹ̀ o, ẹ má kàn dárúkọ lásán.

Ìyá_Àdùkẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọpọlọ pípé. Ẹ jẹ́ n tètè mú Madam kí ẹlòmíì tó gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.

Aso Ikpo Douglas! Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, Basi á ti mọ̀. Alali náà á ti mọ̀. Ẹ̀rù á ti bà wọ́n kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Madam á wọlé, á dúró, á wo yàrá yẹn yíká bí ẹni tó ń ka ẹrù tó máa gbé lọ bí wọn ò bá sanwó. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú rere rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i: "Madam the Madam!" Á gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ó di: "It's a matter of cash!" Tó bá ti sọ ìyẹn tán, owó ilé ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, Basi á sì ti rí àyè wọlé sí i lára.

Ibi tí obìnrin yẹn ti pa mí gan-an nìyẹn. Òun ló lówó, òun ló nilé, ó wà nínú ẹgbẹ́ olówó tí wọ́n ń pè ní American Dollar Club, síbẹ̀ òun ni Basi máa ń rí tàn jẹ jù lọ. Ẹ rántí bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń yí padà nígbà tí Basi bá dárúkọ owó ńlá. Ìbínú á kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà iyèméjì, lẹ́yìn náà ẹ̀rín tí kò fẹ́ kí wọ́n rí. Kò ní sọ ohunkóhun. Ojú nìkan ló fi ń ṣe é. Nígbà tó bá fi máa jókòó, a ti mọ̀ pé ó ti kó sí i.

Ní ọjà wa, kò sí ìyálọ́jà tí wọn ò kí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Arìnrìn_Adétọ́lá:
Alali! Alali! Alali!

Ìdí: òun nìkan ló máa ń béèrè ohun tí àwa tó ń wòran ń rò. Basi á ti ṣàlàyé bí mílíọ̀nù ṣe máa wọlé, á ti pín in, á ti ná an. Alali á tẹ́tí sílẹ̀ dópin, á wá béèrè ohun tí wọ́n máa jẹ lónìí. Tekena Harry-MacDonald kì í fi béèrè bí ẹni tó ń ṣàwàdà. Ó máa ń béèrè rẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹni tí ebi ń pa ní tòótọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín rẹ̀ fi máa ń gbóná.

Ọmọ_Àná:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò tíì bí mi nígbà tí eré yìí ń lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Basi máa ń wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ "To be a millionaire, think like a millionaire" sí láyà. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn ọmọ Yahoo tí mo mọ̀ ń fi ru ara wọn sókè. Ṣé eré yìí kò sọ gbájú-ẹ̀ di nǹkan tó dára lójú àwọn èèyàn? Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe dún létí yín nígbà náà ni.

Tísà_Lítíréṣọ̀:
Ọmọ_Àná, àbúrò mi, ìbéèrè gidi lo bi, màá sì dá ọ lóhùn dáadáa.

Kọ́kọ́ wo ọdún tó bẹ̀rẹ̀. 1986 ni ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n ṣí ọjà tuntun tí wọ́n ti ń fi náírà ra dọ́là, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, owó epo rọ̀bì ti ya wọ ìlú láàárín ọdún 1970 sí 1980. Àwọn èèyàn ti fojú ara wọn rí ẹni tó gba kọ́ńtíráàtì kan ṣoṣo, tàbí ìwé àṣẹ ìkẹ́rùwọlé kan ṣoṣo, tó di olówó lọ́sàn-án kan òru kan. Owó ti lọ, àmọ́ ìrètí yẹn kò lọ. Ìrètí yẹn ni Ken mú, tó wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù, tó sọ ọ́ ní Basi.

Wàá wá bi mí pé báwo la ṣe mọ̀ pé kò yìn ín. Ìgbà wo ni Basi di olówó? Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ètò tuntun ni lọ́sẹ̀ yìí, ètò mìíràn ni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àmọ́ tí eré bá parí, inú yàrá yẹn náà ni, gbèsè yẹn náà ni. Kì í sì í ṣe ọlọ́pàá ló máa ń ba ètò rẹ̀ jẹ́. Ojúkòkòrò àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni: Josco á fẹ́ dá tirẹ̀ mú, Madam á fẹ́ gba èyí tó pọ̀ jù, Dandy á fẹ́ wọ inú rẹ̀. Gbogbo wọn á jọ pàdánù.

Ní 1987, Ken tẹ ìtàn Basi jáde ní ìwé, ó sì pè é ní àlọ́ Áfíríkà ti òde òní lójú ìwé gan-an. Kò ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn Ogoni, ẹ̀yà tó ti wá ní ìpínlẹ̀ Rivers, Kuru ni ìjàpá inú àlọ́ ń jẹ́, ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo tiwa. Ta ni nínú wa tó gbọ́ àlọ́ Ìjàpá tó wá lọ kọ́ṣẹ́ olè? Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti mọ̀ pé ìdí ọ̀rọ̀ náà máa dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó ń mú wa jókòó ni pé a fẹ́ rí ọ̀nà tó máa gbà dàrú.

Ó ku ẹyọ kan. Àlọ́ ní orin, orin ní ègbè. Ẹnì kan á pe "Mr. B!", ìyẹn Basi, àti "To be a millionaire", gbogbo ilé á gbè é: "think like a millionaire!" Àwa tí à ń wò nílé náà ń gbè é. Ègbè ni gbólóhùn yẹn létí wa nígbà náà. Ẹni tó bá yọ ègbè kúrò nínú àlọ́, tó lọ fi kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, kò gbọ́ àlọ́ náà dópin.

Ọmọ_Àná:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ọ̀rọ̀ ègbè yẹn wọ̀ mí lára. Mo ṣì rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń pín fọ́nrán kéékèèké lórí ayélujára máa fi ìparí rẹ̀ kún un. Èyí tí mo rí, ibi tí Basi ti ń fọ́nnu ni wọ́n ti gé e.

Tísà_Lítíréṣọ̀:
Òótọ́ ni. Mo fara mọ́ ọ níbẹ̀.

Òde_Ìbàdàn:
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíì. Ẹ kíyè sí èdè tí wọ́n ń sọ nínú eré yẹn. Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán ni, láti ẹnu Basi títí dé ẹnu Josco. Kì í ṣe pé Ken kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì fífọ́ o! 1985, ọdún kan ṣáájú Basi, ló tẹ Sozaboy jáde, odidi ìwé ìtàn tí ọmọ ogun kan fi Gẹ̀ẹ́sì fífọ́ sọ. Nítorí náà, yíyàn ló yàn án pé àwọn ará Adétọ́lá kò ní fọ́ èdè.

Ẹ wo bó ṣe le tó fún òṣèré. Nínú New Masquerade, eré apanilẹ́rìn-ín tẹlifíṣọ̀n mìíràn, Chika Okpala tó ń ṣe Zebrudaya lè fi ọ̀rọ̀ gùn-ún-gùn-ún kan ṣoṣo pa wá lẹ́rìn-ín. Giringory ti James Iroha àti Clarus ti Davis Offor, èdè tí wọ́n ń lọ́ ni ìdajì àwàdà wọn. Bàbá Sàlá wa, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tó bá ti yọjú pẹ̀lú dígí ńlá tó wà lójú rẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti bẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni gbogbo ìyẹn, mo sì nífẹ̀ẹ́ wọn dọ́ba.

Àmọ́ Albert Egbe kò ní dígí ńlá, kò ní èdè fífọ́. Gẹ̀ẹ́sì títọ́ lòun náà ń sọ, bíi ti ọ̀gá báńkì. Nínú bí ó ṣe ń gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́ ni àwàdà wà. Tó bá ń parọ́ fún Madam, kì í wo ilẹ̀, kì í kánjú. Ohùn rẹ̀ á máa lọ geerege, ìwọ tó ń wò ó á fẹ́ yá a lówó.

Ìyá_Àdùkẹ́:
Òde_Ìbàdàn, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ New Masquerade, ẹ ò gbọdọ̀ fo Jẹ́gẹ́dẹ́ Ṣókòyà! Claude Eke ló ṣe é, ọmọ Ìgbò ni, ó sì ṣe Yorùbá débi pé àwọn èèyàn wa ń jiyàn pé ọmọ ìlú àwọn ni. Christy Essien-Igbokwe tó kọ Ṣeun Rere náà ti ṣe Apèna, ìyàwó Jẹ́gẹ́dẹ́, níbẹ̀. Ayé tẹlifíṣọ̀n wa ti dára o!

Àgbà_Òǹwòran:
Àǹtí, ó yẹ kí New Masquerade ní ìjókòó tirẹ̀, màá dá a sílẹ̀ bí a bá parí èyí. Ẹ jẹ́ ká padà sí Adétọ́lá.

Arìnrìn_Adétọ́lá:
Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú iná wàyí. Basi méjì la ní. Albert Egbe ló bẹ̀rẹ̀, Zulu Adigwe ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni Basi yín?

Òde_Ìbàdàn:
Albert Egbe, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló dá Basi. Ìdúró yẹn, ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu yẹn, ọwọ́ tó máa ń fi ṣàlàyé owó tí kò sí níbì kankan. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn, ojú ọ̀nà tó ti là ló ń rìn.

Ìyá_Àdùkẹ́:
Èmi náà, Albert. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí Zulu ti lọ.

Tísà_Lítíréṣọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n gbèjà Zulu Adigwe, ẹni tó kú ní 2024, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ ro ohun tó dojú kọ. Gbogbo ilé ní Nàìjíríà ló ti mọ ojú Basi, wọ́n ti mọ ohùn rẹ̀, àwọn ọmọdé ti ń sín in jẹ. Wọ́n wá ní kó wọ ẹ̀wù ẹlòmíì, kó wọ inú yàrá ẹlòmíì, kó sì máa bá Alali kan náà sọ̀rọ̀. Òṣèré tí kò dá ara rẹ̀ lójú á máa sín ẹni ìṣáájú jẹ. Zulu kò ṣe bẹ́ẹ̀. Olórin ni, ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì lo ohùn yẹn. Basi tirẹ̀ dà bí ẹni tó ti ń lálàá yìí fún ìgbà pípẹ́, tí kò sì lè jí mọ́. Ti Albert ń yára, tiẹ̀ ń rò ó. Mi ò sọ pé ó ju Albert lọ. Mo ní eré náà kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun tó ṣòro jù nìyẹn fún ẹni tó bá gba ipò.

Òde_Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Albert ṣì ni.

Arìnrìn_Adétọ́lá:
Mi ò ní dá sí i. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣe Basi, Alali ni yóò bi í léèrè oúnjẹ.

Ẹ̀fẹ̀_Ń_Bẹ:
Ẹ kú àpérò. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo rí i pé Segi, Josco àti Dandy kò tíì rí tiwọn gbà.

Segi rọrùn láti fojú kéré, torí "Segilola, the lady with the beautiful eyeballs" ni wọ́n máa ń kí i, èèyàn á rò pé ẹwà nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ padà lọ wo Mildred Iweka. Gbogbo ọkùnrin inú eré yẹn ló rò pé òun gbọ́n ju Segi lọ. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ojú òun ni wọ́n ń wò, ó sì mọ ohun tí òun lè rí gbà ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bá fi ń wò ó.

Josco ti Emmanuel Okutuate, ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan tó. Dandy sì ni ilé ọtí, ibẹ̀ sì ni àṣírí ti ń tú: ohun tí wọ́n bá dì mú nínú yàrá Basi, Dandy á ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni pé kì í ṣe Èkó ni wọ́n ti ṣe é?

Àgbà_Òǹwòran:
Òótọ́ ni, Enugu ni, ní ilé-iṣẹ́ NTA níbẹ̀. Èkó tí a rò pé à ń wò, inú stúdíò ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá Basi, lọ́dọ̀ Madam, ní ilé ọtí Dandy àti lójú pópó kékeré kan. Kò sí mọ́tò tó ń sáré, kò sí ọjà tó kún fún èrò. Àwọn èèyàn rò pé àìtó owó ni. Èmi rò pé àǹfààní ni. Nígbà tí kò sí ibòmíì tí kámẹ́rà lè lọ, ojú òṣèré ló máa ń wò. Ẹ ronú ilẹ̀kùn yàrá Basi yẹn: gbogbo ìdààmú ayé rẹ̀ ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Madam wọlé láti béèrè owó, Josco wọlé láti yọ́ nǹkan gbọ́, Segi wọlé, gbogbo wọn dìde. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo! Wọ́n ṣírò pé tó mílíọ̀nù 30 èèyàn ló ń wo eré yìí nígbà tó gbóná jù, ohun tí wọ́n sì ń wò ni èèyàn bíi mẹ́fà nínú yàrá kan tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ sì rántí pé Basi àti Alali ti wà lórí rédíò ṣáájú tẹlifíṣọ̀n. Eré kékeré kan wà tí Ken ti kọ ṣáájú, The Transistor Radio, àwọn méjèèjì ti wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń kọ eré tí etí nìkan máa gbọ́ kò nílò ọ̀pọ̀ ibi ìṣeré.

Ọmọ_Àná:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ken ni eré náà ṣe dúró?

Tísà_Lítíréṣọ̀:
Rárá. 1990 ni eré náà dúró. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ MOSOP bẹ̀rẹ̀, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Ogoni lórí ilẹ̀ àti omi wọn tí epo rọ̀bì ti bà jẹ́. Ken gbájú mọ́ ìyẹn pátápátá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba Abacha yẹgi fún òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt. Gbogbo ayé pariwo. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà, kó tó di ajàfẹ́tọ̀ọ́ létí wọn, òun ni ẹni tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nílé. Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó ń fi ẹ̀rín sọ fún wa pé ojúkòkòrò lórí owó epo máa pa wá run, òun náà ni wọ́n pa nítorí epo.

Ìyá_Àdùkẹ́:
Háà. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra.

Ọmọ_Àná:
Mo fẹ́ kí àwọn àbúrò mi náà mọ eré yìí. Fọ́nrán tó wà lórí ayélujára kò pọ̀, àwòrán rẹ̀ sì ti ṣú. Kí ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn wọ́n?

Tísà_Lítíréṣọ̀:
Fọ́nrán díẹ̀ tó wà náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí, kí ohùn àwọn òṣèré wọ̀ wọ́n létí. Lẹ́yìn náà, ìwé. Ken kọ Mr. B fún àwọn ọmọdé, ó tún kọ Mr. B Goes to Lagos. Èyí tó dàgbà díẹ̀ lè ka ti 1987 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin nínú eré tẹlifíṣọ̀n náà wà nínú ìwé kan tó jáde ní 1988, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù fún ilé: ẹ pín ipò láàárín ara yín, kí ẹ kà á sókè.

Ọmọ_Àná:
Ó dùn mọ́ mi! Ṣé a ò lè kà á níbí náà, lọ́jọ́ Sátidé, ká lo ohùn?

Àgbà_Òǹwòran:
A lè ṣe é. Mo máa ṣètò rẹ̀. Ẹ yan ipò.

Ìyá_Àdùkẹ́:
Madam. Ẹ má tiẹ̀ jiyàn.

Arìnrìn_Adétọ́lá:
Alali ni mo máa kà.

Ẹ̀fẹ̀_Ń_Bẹ:
Mo mú Segi. Tísà, ẹ gba Dandy.

Òde_Ìbàdàn:
Basi ni mo fẹ́, ti Albert Egbe ni mo sì máa ṣe.

Tísà_Lítíréṣọ̀:
Mo gba Dandy. Ọmọ_Àná, Josco ló ṣẹ́ kù, ìwọ ni kó o kà á. Lọ wo bí Okutuate ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ irọ́ kó tó gbé e sókè, ká máa retí rẹ ní Sátidé.